Ọkọ̀ bọ̀gìnnì àlòkù tí wọ́n tọ́jú dáadáa: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ará Ìtirè (ẹni tó béèrè)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè; ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ yín kí n tó ná owó tí mo fi ọdún mẹ́fà kó jọ. Ìtirè ni mò ń gbé, Márínà ní Erékùṣù Èkó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mò ń gorí afárá lọ, tí mo sì ń gorí afárá bọ̀. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ̀gìnnì kan tí wọ́n ti lò, èyí tí èmi àti ìyàwó mi lè lò fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, tí n kò sì ní máa sun ọgbà mẹkáníìkì. Mílíọ̀nù 12 náírà ni gbogbo owó ọwọ́ mi, inú rẹ̀ ni owó ìwé àti owó àtúnṣe àkọ́kọ́ yóò sì ti jáde.

Ọkọ̀ méjì ni mo ti rí. Èkíní ni Mercedes-Benz E350 ọdún 2006, dúdú, tókunbọ̀, tó wà ní gbàgede oníṣòwò kan lójú ọ̀nà Lẹ́kí. Ó ń dán gbinrin, máìlì 61,000 péré ni ó sì wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Èkejì ni Lexus ES 350 ọdún 2010 tí wọ́n ti ń lò ní Nàìjíríà láti ọdún 2015. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ni ín ní Gbàgádà. Bọ́ńpà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ha, máìlì rẹ̀ sì ti lé ní 118,000. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n gbé Mercedes, ọkàn tèmi náà sì ń fà sí i, àmọ́ ara ń fu mí. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé lóòótọ́ ni wọ́n tọ́jú ọkọ̀, tí kì í ṣe pé wọ́n kàn fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì fi epo pa á lára?

Mẹkáníìkì Ládípọ̀

Àbúrò, ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ fi ayọ̀ lò ó. Ọdún 22 nìyí tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní àyíká Ládípọ̀ ní Muṣin, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé ẹni tó lo ọkọ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ó tó kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn, ẹ bi í léèrè irú ọ́ìlì tó ń lò, ẹ wá bi í bóyá ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rí. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ kì í ronú kó tó dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ó tilẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi sú yín. Ẹni tí kò tọ́jú rẹ̀ yóò sọ pé ọkọ̀ náà kò ní ìṣòro kankan, yóò sì yára mú ọ̀rọ̀ lọ sórí owó.

Ní ti máìlì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n máa ń yí i padà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Ohun tí ó ṣòro láti yí padà ni ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn ti jẹ ọkọ̀. Ẹ wo rọ́bà tó wà lójú ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ búrèkì, ẹ wo awọ ọwọ́ sítíárìn ní apá òkè, ẹ wo etí ìjókòó awakọ̀ níbi tí itan máa ń gbà wọlé. Ọkọ̀ tó rin máìlì 61,000 kò gbọdọ̀ ní etí ìjókòó tó ti ya, tí awọ sítíárìn rẹ̀ sì ti ń dán bí orí apárí.

Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Kí ẹ tó kí ara yín tán, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnì kan ti jí tan án kí ẹ má baà gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnì náà ń sọ nígbà tó bá tutù. Bí wọ́n bá tan án lójú yín, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn láti wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná ń sọ pé omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Dúdú ń sọ pé ó ń jẹ epo ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù, ẹ ṣí ọmọrí ọ́ìlì. Bí ẹ bá rí ohun kan lábẹ́ rẹ̀ tó dà bí ògì tó pọ́n díẹ̀, ẹ dáwọ́ ọ̀rọ̀ owó dúró ná.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ sìkáànù dání, kí ó má kàn wo àṣìṣe tó wà níbẹ̀ nìkan. Àwọn kan máa ń pa gbogbo àṣìṣe rẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀rọ náà máa ń fi hàn bí ọkọ̀ bá ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀ tàbí bí kò tíì parí, bí ó bá sì ní òun kò tíì parí èyí tó pọ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ún mọ́.

Nísinsìnyí, ní ti ọkọ̀ méjèèjì tí ẹ dárúkọ. Ẹ́ńjìnì M272 tó wà nínú àwọn E350 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní àìsàn kan tí gbogbo àwa tí a ń tún Mercedes ṣe mọ̀: eyín irin kan tí ṣéènì ẹ́ńjìnì ń gbà kọjá máa ń tètè jẹ, bí ó bá sì ti jẹ, a ní láti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ pátápátá ká tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí sìkáànù bá gbé nọ́ńbà 1200 tàbí 1208 jáde, ẹ mọ̀ pé ó ti ń ṣe é. Ọdún 2006 tún wà lára àwọn tó ní búrèkì oníkọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní SBC. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe fún ọdún 2007. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí ọjọ́ tí yóò bà jẹ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré.

Lexus ES 350 lo ẹ́ńjìnì 2GR-FE, lítà 3.5. Ẹ́ńjìnì yìí kan náà wà nínú Camry V6, Avalon, Sienna àti Highlander, nítorí náà bí ẹ bá wọ ọjà Ládípọ̀ lónìí, ẹ ó rí ẹ̀yà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bá pàdé. Ohun tí màá ní kí ẹ wò lára rẹ̀ ni páìpù kékeré kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí òkè ẹ́ńjìnì. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, rọ́bà wà láàárín páìpù náà, rọ́bà yìí sì lè bẹ́ lójijì, kí ọ́ìlì tú dànù kí ẹ tó rí ibi páàkì sí. Èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ tún wo ìdí ẹ̀rọ tó ń yí omi nínú ẹ́ńjìnì. Bí ó bá ti ń jò, ẹ ó rí àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú tó gbẹ mọ́ ara rẹ̀.

Lópin gbogbo rẹ̀, ẹ wà á wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú éésì ní títàn. Ọkọ̀ tó ń sáré máa ń rí atẹ́gùn, kò lè fi àrùn rẹ̀ hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ó máa gorí afárá Third Mainland lójoojúmọ́, ohun tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkọ̀ yín lè dúró sójú kan fún wákàtí kan láìgbóná.

Ìyá Ìbejì, Ajá

Bọ̀dá Ará Ìtirè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Mo ra ọkọ̀ tókunbọ̀ kan ní ọdún 2018 ní gbàgede kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní obìnrin kan ló lò ó ní Texas. Nígbà tó di oṣù kẹta tí mo rà á, fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Oṣù karùn-ún, ọkọ̀ kú sójú títì ní Jákàǹdè pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjèèjì lẹ́yìn. Rẹwáyà tó tú abẹ́ ìjókòó rẹ̀ pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Gbogbo ibi tí wáyà ti pàdé ara wọn ló ti ṣe àwọ̀ ewéko, iyanrìn tín-ín-rín sì wà nínú wọn. Nígbà tí mo wá fi nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ wá ìtàn rẹ̀, ó ti wà nínú omi ní Houston nígbà ìjì Harvey ní oṣù kẹjọ ọdún 2017. Bí mo bá ti ṣe ìwádìí yẹn kí n tó sanwó, owó kékeré ni ì bá ná mi.

Ohun tí mo kọ́ rèé, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tí yóò fi dé òpin. Apá tí ojú máa ń rí, wọn yóò ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ká wọ inú lọ́hùn-ún kò rọrùn láti fọ̀. Lára tèmi, ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ó tọ́ gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ wo kòtò tí táyà àpọ̀jù wà. Ẹ fi ìka kan àwọn bóòtì tó de ìjókòó mọ́lẹ̀ bóyá wọ́n ti dípẹtà. Bí ẹ bá wọlé tí òórùn lọ́fínńdà pọ̀ jù, ẹ pa éésì, ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ yóò jáde.

Kì í sì í ṣe tókunbọ̀ nìkan o. Àwa tí a ń gbé ní ìhà Lẹ́kí, Ajá àti Victoria Island mọ ohun tí òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje máa ń ṣe. Ọkọ̀ tí wọ́n lò ní Èkó lè ti mumi ju èyí tó wá láti Amẹ́ríkà lọ. Ẹ bi ìyá yẹn ní Gbàgádà léèrè ibi tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí nígbà òjò.

Rẹwáyà Ọjọ́ta

Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì, ẹ ka iná tó bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná àpò afẹ́fẹ́ (àpò tó máa ń wú jáde láti dáàbò bo ènìyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) gbọ́dọ̀ tàn, lẹ́yìn náà kí ó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti yọ ọ́ tàbí kó ti bò ó; ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí, kí àpò inú rẹ̀ ti bẹ́, kí wọ́n má sì rọ́pò rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Yábàá

Ẹ jẹ́ kí á kúrò lórí ẹ́ńjìnì díẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó dára lè ní ìwé tí kò dára, ọkọ̀ náà kò sì ní dúró lọ́wọ́ yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Bí wọ́n bá gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ gbé ọkọ̀ wọlé lẹ́yìn ọjọ́ náà, fàyàwọ́ ni, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ṣáásí orí rẹ̀ wé èyí tó wà lára ọkọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ ní láti jẹ́ 17 lápapọ̀, kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá; bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ayédèrú ni. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 6 ni 2006, A sì ni 2010. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pè ní 2010 tí ipò kẹwàá rẹ̀ jẹ́ 8.

Fún àlòkù Nàìjíríà, orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí oníǹkan ni kí ẹ bá dúnàá dúrà. Bí ẹlòmíràn bá ní òun ń bá a tà á, ẹ ní ẹ fẹ́ rí oníǹkan lójúkojú. Ẹ kọ ìwé àdéhùn, kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ san owó náà sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, kí ẹ sì ṣe ìyípadà orúkọ oníǹkan ní ọ́fíìsì àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó láìjẹ́ kí ó pẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi èyí sílẹ̀ títí ọjọ́ tí ọlọ́pàá yóò fi dá wọn dúró. Ní ti ìbánigbófò ẹni-kẹta, 15,000 náírà ni iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ ara ẹni láti ọdún 2023. Èyí tí wọ́n bá ń tà fún yín ní ìdajì owó náà kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Bàbá Èbúté Mẹ́ta

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ. N kò fẹ́ kí o rò pé Mercedes ni ọ̀tá. Èyí tí àwa ará Nàìjíríà ń pè ní V-boot, W124, ni mo fi ọdún 17 wà, òun ni mo fi gbé ìyàwó mi lọ bímọ lẹ́ẹ̀mejì ní Erékùṣù, kò já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n mo ń fún un ní ohun tó ń béèrè. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rò ni pé owó ọkọ̀ máa ń wálẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Ọkọ̀ tí olówó rà nígbà tó wà ní tuntun, ẹ̀yà olówó náà ni yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ lónìí. Bí o bá ná mílíọ̀nù 12 tán lórí ríra, kí ni o fẹ́ fi bọ́ ọ? Fi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ sẹ́yìn, má fọwọ́ kàn án.

Ohun kan péré ni màá fi kún un: ọkọ̀ tó bá ń gbé ara rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ dípò sípíríǹgì, lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́, kí o tún padà lọ ní òwúrọ̀. Bí apá kan bá ti rẹlẹ̀ mọ́jú, àpò afẹ́fẹ́ tó gbé e dúró ti ń jò. Rántí epo bẹntiróòlù náà pẹ̀lú, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ́ńjìnì lítà 3.5 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wà láìṣírò.

Ará Ìtirè

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti lọ wo méjèèjì. Ní Lẹ́kí, aago méje àbọ̀ òwúrọ̀ ni mo débẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti gbóná. Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, ó tún ti gbóná. Rọ́bà ojú búrèkì rẹ̀ tuntun gan-an, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ń tẹná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti jẹ dé irin. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ mú ẹni tó ní sìkáànù wá, ọ̀gbẹ́ni náà ní ẹlòmíràn ti ń mú owó bọ̀ lọ́sàn-án. Mo kí i, mo sì bá tèmi lọ.

Ní Gbàgádà, ìyá náà gbé àpò ìwé kan àti ìwé ìkọ̀wé kékeré kan jáde kí ó tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ló wà níbẹ̀ ní bírò, pẹ̀lú máìlì tó wà lójú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, iye owó, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Lójú ewé ọdún 2019, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ọkọ̀ gbóná ní Maryland. Mẹkáníìkì yọ tẹ́mósítáàtì, ó ní kò wúlò ní ilẹ̀ ooru.” Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ṣé kí èyí bà mí lẹ́rù?

Mẹkáníìkì Ládípọ̀

Àbúrò, kò yẹ kí ó lé yín sá, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tẹ́mósítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa rò pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, yóò sì máa fún un ní epo púpọ̀. Ohun tó mú kí ọkọ̀ náà gbóná lọ́dún náà ni kí ẹ wá: fáànù ni, rédíétọ̀ tó dí ni, tàbí ẹ̀rọ tó ń yí omi? Ẹ bèèrè bóyá omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà, nítorí omi lásán máa ń jẹ irin inú ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé e wá kí a fi ẹ̀rọ fún omi rẹ̀ ní ìfúnpá, kí a rí ibi tó ń jò. Kí n sọ òótọ́, ìyá tó lè kọ àṣìṣe ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á lè kà á, ọkọ̀ rẹ̀ ni èmi yóò rà.

Ará Ìtirè

Mo ti rà á. A gbé e lọ sí Ládípọ̀ kí n tó sanwó. Ẹ̀rọ tó ń yí omi ló ti ń jò díẹ̀díẹ̀, àbàwọ́n pupa náà wà níbẹ̀ bí Ẹ̀gbọ́n ti wí. Ìyá gbà láti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí a dúnàá dúrà sí. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ti dá tẹ́mósítáàtì padà, wọ́n fọ rédíétọ̀, wọ́n sì da omi rédíétọ̀ tó yẹ sí i. Páìpù ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Ìyípadà orúkọ ti parí, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ Bàbá sì ṣì wà ní báńkì.

Ohun kan ló kù. Mo fi nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ wò ó lórí ojú òpó ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀, mo sì rí i pé ó wà lára àwọn ES 350 ọdún 2007 sí 2012 tí wọ́n pè padà fún àtúnṣe nítorí àpò afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin tó bá pẹ́ lára rẹ̀ máa ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́, tó bá sì bẹ́, ó lè fọ́n irin sí ènìyàn lójú. Ẹ sì mọ bí ooru àti ọ̀rinrin Èkó ti rí. Kò sí ohun kankan nínú ìwé ìyá tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ náà tó ní àṣẹ. Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ̀yìn ni ìyàwó mi ń jókòó.